Àyẹ̀wò update-alternatives: Bí GCC Mẹ́ta Ṣe Lè Gbé Pọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Kan

Kọ̀ǹpáílà ni ètò tó ń sọ kóòdù tí èèyàn kọ di ètò tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, GCC sì ni ọ̀kan tí wọ́n ń lò fún èdè bíi C àti C++. Kọ̀ǹpáílà GCC mẹ́ta ló wà lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ̀dà 9, ẹ̀dà 11 àti ẹ̀dà 13, lórí Ubuntu 24.04, kò sì sí èyí tó ń dí èkejì lọ́wọ́. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra; bẹ́ẹ̀ náà ni dísìkì kọ̀ǹpútà ṣe gba kọ̀ǹpáílà, bí a bá ti mọ bí a ṣe ń tò wọ́n. Ohun èlò tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún ẹni tó bá béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni update-alternatives, tó ń yan ẹ̀dà tí orúkọ kan yóò tọ́ka sí, tó sì máa ń bá Debian, Ubuntu àti àwọn ètò Linux mìíràn tó jáde láti ara Debian wá. Mo ti lò ó fún ọdún mélòó kan, mo ti yìn ín fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi fi í dá wàhálà sílẹ̀. Ìdájọ́ mi nìyí kí n tó wọ inú àlàyé: iṣẹ́ tí Debian ti ṣe sílẹ̀ kí ọwọ́ wa tó kan update-alternatives rárá, ìyẹn fífún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, ló yẹ ká máa gbára lé. Ohun èlò náà fúnra rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rán an nínú ọ̀rọ̀ GCC kì í ṣe iṣẹ́ tó yẹ ká máa rán an lójoojúmọ́.

Ẹni tí kò tíì rí ìdí tí èèyàn fi nílò ju kọ̀ǹpáílà kan lọ lè rò pé àṣejù ni. Kì í ṣe àṣejù. Bí GCC ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń gbà àti ohun tó ń kọ̀ ń yí padà. Nígbà tí GCC 10 jáde ní 2020, wọ́n sọ -fno-common di ohun tí kọ̀ǹpáílà náà ń tẹ̀ lé bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Ẹ jẹ́ ká ní fáìlì header kan (fáìlì ìkéde tí àwọn fáìlì mìíràn ń pè wọlé) wà tí ẹnì kan kọ "int iye;" sínú rẹ̀ láìfi "extern" ṣáájú, tí fáìlì C méjì sì pe header náà wọlé. Bí GCC 9 bá kọ́ wọn, ìyẹn ni pé ó sọ wọ́n di ètò, linker, ohun èlò tó ń so wọ́n pọ̀, yóò ka "iye" méjèèjì sí ẹyọ kan ṣoṣo, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Bí GCC 10 bá kọ́ wọn, fáìlì kọ̀ọ̀kan yóò kọjá láìsí ariwo, ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan ká so wọ́n pọ̀, linker yóò fárígá, yóò ní "multiple definition" ni òun rí. Kóòdù náà kò yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Kọ̀ǹpáílà ló yí padà.

Irú rẹ̀ pọ̀. Láti GCC 11 tó jáde ní 2021, C++17 ni kọ̀ǹpáílà náà máa ń gbé lé C++ bí a kò bá yan òmíràn fún un, kóòdù àtijọ́ tó kọ "throw(std::bad_alloc)" sí ẹ̀yìn orúkọ iṣẹ́ (function) kò sì ní ré ibẹ̀ kọjá mọ́, nítorí C++17 ti yọ ọ́ kúrò nínú èdè náà. GCC 14 ti ọdún 2024 sọ pípe iṣẹ́ tí a kò tíì kéde ní èdè C di àṣìṣe tó ń dá iṣẹ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ lásán ni tẹ́lẹ̀. Ní òdìkejì, ẹni tó bá fẹ́ lo std::format ti C++20, tí wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀, kò ní rí i nínú láíbìrì (àkójọ kóòdù tí ètò ń yá lò) tó bá GCC 12 wá, àfi GCC 13 ti ọdún 2023 sókè. Ẹni tó ń tọ́jú kóòdù àtijọ́ ní òwúrọ̀, tó sì ń kọ tuntun ní ìrọ̀lẹ́, kò lè fi kọ̀ǹpáílà kan ṣoṣo ṣe méjèèjì pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Mo fẹ́ sọ èyí ní gbangba pẹ̀lú, pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí kóòdù àtijọ́ bá kọ̀ ló yẹ ká sáré lọ gbé kọ̀ǹpáílà àtijọ́ wá. Fífi -fcommon kún àṣẹ lè tó. Fífi -std=gnu++14 kún un lè tó. Èmi a máa gbìyànjú ìyẹn ná. Ìgbà tí kò bá tó ni ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìṣòro bá kóra jọ lẹ́ẹ̀kan, tàbí tí ohun tí mo fẹ́ kọ́ bá gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n ti ń lò láti ọdún mélòó kan dọ́gba, tí n kò sì láṣẹ láti fọwọ́ kan kóòdù náà.

Nísinsìnyí, orúkọ. Bí mo bá pa àṣẹ "sudo apt install gcc-9 g++-9", Ubuntu yóò gbé kọ̀ǹpáílà náà sí /usr/bin/gcc-9 àti /usr/bin/g++-9, yóò sì kó àwọn ohun inú rẹ̀ sí /usr/lib/gcc/x86_64-linux-gnu/9. Bí mo bá tún gbé gcc-11 wá, /usr/bin/gcc-11 ni tirẹ̀, fódà 11 sì ni ilé rẹ̀. Àwọn header C++ wọn pàápàá yà sọ́tọ̀, nítorí /usr/include/c++/9 wà, /usr/include/c++/11 sì wà. Kò sí fáìlì kan tí àwọn méjèèjì jọ ń jà lé lórí. Kò sí ohun tí mo ní láti tò, kò sí fáìlì ètò tí mo ní láti kọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní láti yan ọ̀kan kí n tó lo èkejì. Mo kàn pe èyí tí mo fẹ́ ní orúkọ rẹ̀, ó sì dá mi lóhùn. Mo ti rí ọ̀nà púpọ̀ tí wọ́n fi ń to irú nǹkan báyìí lórí oríṣiríṣi ètò, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó rọrùn tó báyìí fún GCC.

Ohun pàtàkì kan wà tí gbogbo wọn jọ ń pín, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń to kọ̀ǹpáílà mọ̀ ọ́n. Láíbìrì C++ tí ètò máa ń wá nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, libstdc++.so.6, ẹyọ kan ni lórí ẹ̀rọ náà, ó sì máa ń jẹ́ ti ẹ̀dà tó tuntun jù. Lórí Ubuntu 24.04, inú GCC 14 ló ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé GCC 13 ni kọ̀ǹpáílà tí ètò náà yàn. Kò sí ewu níbẹ̀, nítorí láti GCC 3.4 ni àwọn tó ń ṣe é ti ń rí i pé ohun tí ẹ̀dà àtijọ́ kọ́ ń bá láíbìrì tuntun ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ .so.6 yìí. Òdìkejì rẹ̀ ni kì í ṣẹlẹ̀: bí mo bá fi GCC 13 kọ́ ètò kan tí mo sì gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tó ti dàgbà, ẹ̀rọ náà lè ké pé òun kò rí GLIBCXX_3.4.32, àmì ẹ̀dà láíbìrì náà. Àwọn kan wá ń rò pé bí àwọn bá ti fi gcc-9 kọ́ ọ, yóò máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ gbogbo. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Gcc-9 tó wà lórí Ubuntu 24.04 ṣì ń so ètò mọ́ glibc 2.39, láíbìrì C, tó wà lórí Ubuntu 24.04. Kọ̀ǹpáílà àtijọ́ kì í sọ ẹ̀rọ di àtijọ́. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn, container, ìyẹn àyè tó yà sọ́tọ̀ lórí ẹ̀rọ, tó ní ètò àtijọ́ nínú ló yẹ kó lò.

Níbo wá ni update-alternatives ti wọlé? Ọba méjì kì í jẹ láàfin kan. Kọ̀ǹpáílà lè pọ̀ bó ṣe wù kó pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí kò ní nọ́ńbà lẹ́yìn, /usr/bin/gcc, ẹyọ kan ni, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló sì lè tọ́ka sí. Iṣẹ́ update-alternatives ni láti máa bójú tó irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é nìyí: ó sọ /usr/bin/gcc di ìtọ́ka (symlink) sí /etc/alternatives/gcc, ó sì sọ ìyẹn náà di ìtọ́ka sí ẹ̀dà tí a bá yàn, bíi /usr/bin/gcc-9. Ìgbàkigbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀, ìtọ́ka àárín ló máa ń yí, àwọn kọ̀ǹpáílà fúnra wọn kì í kúrò níbi tí wọ́n wà.

Láti fi ẹ̀dà kan hàn án, àṣẹ náà gùn díẹ̀:

sudo update-alternatives --install /usr/bin/gcc gcc /usr/bin/gcc-13 130 --slave /usr/bin/g++ g++ /usr/bin/g++-13 --slave /usr/bin/gcov gcov /usr/bin/gcov-13

Nọ́ńbà 130 yẹn ni ipò rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ni ohun èlò náà yóò yàn fúnra rẹ̀ bí a kò bá yan nǹkan kan. Apá tó tẹ̀ lé --slave ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìtọ́ni tí mo ti rí kì í mẹ́nu bà. Bí a kò bá fi g++ sẹ́yìn gcc báyìí, ọjọ́ tí a bá yí gcc sí 9, g++ yóò dúró sí 13 rẹ̀, fáìlì C yóò ti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpáílà kan jáde, fáìlì C++ yóò sì ti ọ̀dọ̀ òmíràn jáde, láìsí ẹni tó kìlọ̀ fún wa. Bákan náà ni gcov, ohun èlò tó ń sọ apá kóòdù tó ṣiṣẹ́ nígbà ìdánwò. Èyí tó bá ẹ̀dà 13 wá kì í fẹ́ ka àkọsílẹ̀ tí ẹ̀dà 9 bá kọ. Yóò ní ẹ̀dà tí àkọsílẹ̀ náà sọ kò bá ti òun mu.

Lẹ́yìn tí a bá ti fi gbogbo ẹ̀dà hàn án, ibi tó dùn jù ló kàn. "sudo update-alternatives --config gcc" yóò to tábìlì kékeré kan síwájú wa: ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, nọ́ńbà yíyàn lápá òsì, ọ̀nà fáìlì láàárín, ipò rẹ̀ àti bóyá aládàáṣe tàbí àfọwọ́yàn ni lápá ọ̀tún, pẹ̀lú ìràwọ̀ kékeré kan níwájú èyí tó wà lórí oyè lọ́wọ́lọ́wọ́. A tẹ nọ́ńbà kan, a tẹ Enter, ó parí. Bí a bá ti fọwọ́ yàn, kò ní yí i padà mọ́ nítorí pé ẹ̀dà tó ní nọ́ńbà gíga jù wọlé, àfi bí a bá lo --auto láti dá a padà. Mo fẹ́ràn ìwà yìí. Ohun èlò tó bá bọ̀wọ̀ fún ohun tí èèyàn yàn ṣọ̀wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá sì pàṣẹ --display, yóò sọ ohun gbogbo tó mọ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

Fún Java, èmi kò ní àríwísí kankan. Àwọn package OpenJDK fúnra wọn ló ń fi java àti javac hàn update-alternatives nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, àwọn méjèèjì mọ ara wọn, Debian sì tún ṣe update-java-alternatives tó ń yí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Irú iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ohun èlò náà nìyẹn: àwọn package tó gbà pẹ̀lú ara wọn láti jọ pín orúkọ kan. GCC kò sí nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ pa àṣẹ "dpkg -S /usr/bin/gcc" kí ẹ sì wo èsì rẹ̀. Ẹ ó rí i pé package kan wà tó ń jẹ́ gcc tó ni fáìlì náà. Orúkọ cc ni Debian fi sábẹ́ update-alternatives, kì í ṣe gcc. Nítorí náà, nígbà tí a bá fi --install gba /usr/bin/gcc, a ti gba ohun tí ẹlòmíràn ni, ọjọ́ tí package náà bá sì rí ẹ̀dà tuntun, ó láṣẹ láti dá ìtọ́ka tirẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, kí kọ̀ǹpáílà wa yí padà láìsí pé a fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìyẹn nìkan kọ́. Orúkọ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí, x86_64-linux-gnu-gcc. Python tó bá Debian àti Ubuntu wá máa ń pe kọ̀ǹpáílà ní orúkọ gígùn yìí nígbà tí pip, ohun èlò tó ń gbé package Python wọlé, bá fẹ́ kọ́ package tó ní C nínú. Yíyí tí a yí gcc kò kan orúkọ yìí rárá. Ẹnì kan á yí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ sí gcc-9, á rí 9 nígbà tó bá béèrè "gcc --version", á sì máa ṣe kàyéfì pé pip ṣì ń gbé àṣìṣe tí GCC 13 nìkan máa ń gbé jáde.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ni pé yíyí náà kan gbogbo ẹ̀rọ. Kò mọ iṣẹ́ tí mo wà nídìí rẹ̀, kò mọ fódà tí mo wà, kò mọ ẹni tí mo jẹ́. Nígbà kan, mo yí gcc sí 9 ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nítorí kóòdù àtijọ́ kan, mo parí iṣẹ́ náà, mo sì gbàgbé láti yí i padà. Ní òru, kernel tuntun, ìyẹn ọkàn ètò Linux, wọlé pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tí ẹ̀rọ máa ń gbà fúnra rẹ̀. Dráífà àwòrán kan wà lórí ẹ̀rọ náà tó gbọ́dọ̀ tún module rẹ̀ (apá rẹ̀ tó ń wọ inú kernel) kọ́ fún kernel tuntun kọ̀ọ̀kan, ètò tó ń kọ́ ọ sì pe gcc lásán, láìfi nọ́ńbà kún un. Kernel náà ní kí wọ́n lo -ftrivial-auto-var-init=zero, àṣẹ tí GCC kò mọ̀ títí di ẹ̀dà 12. Ní òwúrọ̀, ojú kọ̀ǹpútà mi tàn, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà orí rẹ̀ tóbi gọ̀dọ̀gbà, kò sì sí bí mo ṣe lè dín wọn kù. Wákàtí méjì ni mo fi ń wá ohun tó bà jẹ́ nínú dráífà náà kí n tó ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí mo wá rí i níbẹ̀ pé "unrecognized command line option". Kò sí ohun tó ṣe dráífà náà. Èmi ni mo gbé kọ̀ǹpáílà tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ síwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ láti máa wo /proc/version, níbi tí kernel ti máa ń kọ orúkọ kọ̀ǹpáílà tó kọ́ ọ.

Ewu kejì kì í pariwo bẹ́ẹ̀, nítorí ìdí yìí ni mo ṣe kà á sí èyí tó burú jù. Make, ètò tó ń bá wa pe kọ̀ǹpáílà sí àwọn fáìlì, kì í béèrè kọ̀ǹpáílà tó kọ́ fáìlì kan. Àkókò tí wọ́n fọwọ́ kan fáìlì ló máa ń wò. Ká ní ọgọ́rùn-ún fáìlì ló wà nínú iṣẹ́ kan, tí GCC 13 ti kọ́ gbogbo wọn lánàá. Lónìí mo yí gcc sí 9, mo tún fáìlì mẹ́ta ṣe, mo sì pa àṣẹ make. Mẹ́ta yẹn nìkan ni GCC 9 yóò kọ́. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún tó kù yóò jẹ́ ti GCC 13, linker yóò sì so gbogbo wọn pọ̀ bí ẹni pé inú ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Ó lè ṣiṣẹ́. Ó sì lè má ṣiṣẹ́, kí èèyàn máa fi ọjọ́ mélòó kan wá àṣìṣe nínú kóòdù tí kò ní àṣìṣe. CMake, tó ń ṣètò bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́, náà kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ṣiṣẹ́ nínú fódà kan, á kọ ọ̀nà kọ̀ǹpáílà náà sínú CMakeCache.txt, á sì tọ́jú ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀dà rẹ̀. Bí ìtọ́ka bá yí lábẹ́ rẹ̀, ọ̀nà fáìlì náà kò yí, nítorí náà yóò máa gbàgbọ́ pé ẹ̀dà tí òun rí ní àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Bí a bá pe kọ̀ǹpáílà ní orúkọ rẹ̀, gbogbo wàhálà yìí kò ní wáyé. Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò gba sudo lẹ́yìn pé mo gbé package wọlé. Fún Make, "make CC=gcc-9 CXX=g++-9"; ohun tí a bá kọ sórí ìlà àṣẹ báyìí máa ń borí ohun tí wọ́n kọ sínú Makefile, fáìlì ìtọ́ni Make, bí Makefile náà bá sáà ti ń lo $(CC). Fún CMake, fódà kọ̀ọ̀kan fún kọ̀ǹpáílà kọ̀ọ̀kan: "cmake -B kikọ-9 -DCMAKE_C_COMPILER=gcc-9 -DCMAKE_CXX_COMPILER=g++-9", kikọ-13 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀. Mo lè kọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo lè fi èsì wọn wéra, kò sí èyí tó ń ba ti èkejì jẹ́. Fún àwọn Makefile olórí kunkun tí wọ́n kọ "gcc" sínú wọn ní tààrà, mo máa ń ṣe fódà kékeré kan sínú iṣẹ́ náà, mo máa ń fi ìtọ́ka kan tó ń jẹ́ gcc sínú rẹ̀ kó máa wo /usr/bin/gcc-9, mo sì máa ń gbé fódà náà síwájú PATH, àkójọ fódà tí ẹ̀rọ ti ń wá àṣẹ, nínú tẹ́mínà yẹn nìkan. Bí mo bá ti pa tẹ́mínà náà dé, ohun gbogbo ti padà sí bó ṣe wà.

Ìtọ́jú kékeré kan ṣì wà fún ẹni tó bá tún ń lo Clang, kọ̀ǹpáílà C àti C++ mìíràn, lórí ẹ̀rọ kan náà. Lórí Linux, Clang sábà máa ń yá láíbìrì C++ ti GCC lò, kì í sì í béèrè èyí tí a fẹ́. Fódà GCC tó ní nọ́ńbà gíga jù ló máa ń mú. Bí a bá gbé gcc-14 wọlé láìgbé g++-14 tẹ̀ lé e, fódà 14 yóò wà, ṣùgbọ́n header C++ ti 14 kò ní sí. Clang yóò mú 14 náà, kóòdù tó ń kọjá lánàá yóò sì dúró lórí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀, Clang á ní òun kò rí iostream. Àṣẹ "clang++ -v" yóò sọ èyí tó yàn níbi tó bá ti kọ "Selected GCC installation". Ojútùú rẹ̀ ni ká gbé g++-14 náà wọlé, tàbí ká fi --gcc-install-dir darí rẹ̀ sí fódà tó pé, bí Clang náà bá jẹ́ ẹ̀dà 16 sókè. Nítorí náà, gcc àti g++ ni mo máa ń gbé wọlé papọ̀ ní gbogbo ìgbà, kódà nígbà tó bá jẹ́ pé C nìkan ni mo fẹ́ kọ.

Àwọn tó ń kọ Fortran ní láti ṣọ́ra jù báyìí lọ, nítorí fáìlì .mod tí gfortran kan kọ lè má ṣeé kà fún gfortran ẹ̀dà mìíràn.

Ẹ̀dà tí kò bá sí nínú àwọn package ni a ó kọ́ fúnra wa láti inú kóòdù orísun. Ọ̀nà náà dára bí a bá fi --prefix=/opt/gcc-12 yà á sọ́tọ̀ sí fódà tirẹ̀, tí a fi --program-suffix=-12 fún un ní nọ́ńbà, tí a sì kọ́ ọ nínú fódà tí kì í ṣe èyí tí kóòdù rẹ̀ wà. Àṣẹ contrib/download_prerequisites yóò bá wa kó àwọn láíbìrì GMP, MPFR àti MPC wá. Ó gba sùúrù, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni GCC máa ń kọ́ ara rẹ̀ kó tó gbà pé òun pé: kọ̀ǹpáílà tó wà nílẹ̀ á kọ́ ọ, èyí tó jáde á tún ara rẹ̀ kọ́, ìkẹta á sì jáde kí wọ́n lè fi ìkejì àti ìkẹta wéra.

Bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mìíràn, rustup, tó ń to àwọn kọ̀ǹpáílà èdè Rust, ló fi hàn mí ohun tí update-alternatives kò ní. Rustup máa ń kó gbogbo ẹ̀dà sínú fódà ẹni tó ń lò ó, kì í béèrè sudo, "cargo +1.70.0 build" sì ń pe ẹ̀dà kan fún ẹ̀ẹ̀kan yẹn ṣoṣo. Fáìlì rust-toolchain.toml tó bá wà nínú iṣẹ́ kan á sọ ẹ̀dà tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì wọ fódà náà yóò bá ẹ̀dà náà pàdé láìbéèrè. Ó wù mí kí irú rẹ̀ wà fún C. Red Hat náà ní gcc-toolset, tí "scl enable gcc-toolset-12 bash" ń ṣí fún shell kan péré, mo sì gbà pé ó sàn ju yíyí gbogbo ẹ̀rọ lọ. Lórí Windows, Visual Studio ń to àwọn toolset rẹ̀ sí fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a sì ń yan èyí tí a fẹ́ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi kò lò ó tó láti dájọ́ lé e.

Ta wá ni mo lè gbà nímọ̀ràn pé kó lo update-alternatives fún GCC? Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí òun nìkan ni, tí ẹ̀rọ náà kò ní module kernel tó ń kọ́ ara rẹ̀, tó sì ń lo ẹ̀dà kan fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kí ó tó yí. Ẹni tó ń ṣe container fún iṣẹ́ kan ṣoṣo náà lè lò ó láìfòyà, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú container náà tí yóò fara gbá a. Lórí ẹ̀rọ tí ènìyàn méjì jọ ń lò, n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é.

Bí ẹ bá sì ti ṣe é, tí ẹ fẹ́ yọ ara yín kúrò nínú rẹ̀, ẹ má ṣe dúró sórí "sudo update-alternatives --remove-all gcc" nìkan. Àṣẹ yẹn yóò yọ ìtọ́ka náà kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí ó tó dé, nítorí náà tẹ́mínà yóò sọ fún yín pé kò sí ohun tó ń jẹ́ gcc, bẹ́ẹ̀ gbogbo gcc tó ní nọ́ńbà ṣì wà ní àyè wọn. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú "sudo apt install --reinstall gcc g++", kí package tó ni orúkọ náà lè dá ìtọ́ka rẹ̀ padà, kí ẹ sì béèrè "gcc --version". Lórí Ubuntu 24.04, 13 ni yóò dáhùn.